Ìwé Gbèsè Màámi

Ìwé ọlọ́gọ́ta ewé kan wà ní sọ́ọ̀bù Màámi ní Ajángbádì tí àwa ọmọ kì í fọwọ́ kàn. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, epo pupa ti ta sí i lára, wọ́n sì fi okùn so báírò mọ́ ọn kí oníbàárà má baà gbé e lọ. Inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo ẹni tó gba ọjà láwìn wà. Ìyá Ìbejì, ìrẹsì dérìkà mẹ́ta. Bàbá Fọkanáísà, gààrí kóńgò kan. Àwọn tí Màámi ò mọ orúkọ wọn, àpèjúwe ni wọ́n fi kọ wọ́n: "ìyàwó tuntun ilé aláwọ̀ ewé", "ọ̀gá kẹ̀kẹ́ onírùngbọ̀n". Tí ẹnì kan bá ti san, wọ́n á fa ìlà lé e lórí. Gbogbo ìwé ìṣirò tí sọ́ọ̀bù wa ní nìyẹn. Èyí tó kù, orí Màámi ló wà.

Orí Màámi sì pé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa alájọ Ṣómólú, tó ń gba àjọ káàkiri láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kì í sì í ṣi owó san tí oṣù bá parí. Bẹ́ẹ̀ náà la rò pé Màámi rí. Nítorí náà, nígbà tí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í dín ní sọ́ọ̀bù ní apá ìparí ọdún 2023, tí wọ́n ń tà lójoojúmọ́ àmọ́ tí àpò ìrẹsì mẹ́rin tí wọ́n máa ń rà di mẹ́ta, tó tún di méjì, kò sẹ́ni tó ronú kan ìṣirò. Olè la rò.

Àbúrò wa ló máa ń dúró sí sọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà. Màámi ò pè é lólè o. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó lójú ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti kà á tán, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?" Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti bi ní ìbéèrè yẹn rí á mọ̀ pé ó dun èèyàn ju ìgbátí lọ. Àbúrò ò fèsì. Ṣùgbọ́n kò bá wa jẹun alẹ́ mọ́. Á ní òun ti jẹ búrẹ́dì níta, a sì mọ̀ pé kò jẹ nǹkan kan.

Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá kan náà: ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ẹni àárín, àti àbúrò yìí. Kò sẹ́ni tó tíì rí ìwọlé yunifásítì nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó kò jìnnà sí wa. Téèyàn bá wọ kẹ̀kẹ́ dé Ìyànà-Ìbà, ó ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gbé báàgì kọ́rùn tí wọ́n ń sáré wọ ọgbà. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, tí ooru ò jẹ́ ká sùn, ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ nínú òkùnkùn: "Ẹ jẹ́ ká kọ́ akáùntì. Ká fi wá owó yìí. Tí àbúrò bá jí i, ìwé á sọ. Tí kò bá jí i, ìwé náà á sọ."

Àbúrò ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe é."

Kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí a rà, jìbìtì ni wọ́n fi lù wá. Ẹnì kan tó wọ kóòtù, tó dúró síwájú mọ́tò ńlá, ló ń polówó lórí fóònù pé òun á sọ èèyàn di "akántáǹtì àgbáyé" láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú sáfíkéètì. ₦15,000 ni. Màámi ló yọ owó náà nínú dúrọ́ọ̀ sọ́ọ̀bù, wọ́n ní ká máa kàwé ju ká máa jókòó lọ. Lẹ́yìn tí a sanwó, wọ́n fi wá sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan, wọ́n fi fídíò mẹ́rin ránṣẹ́ sí wa, fídíò tí orúkọ ẹlòmíràn ṣì wà lára wọn. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n yọ gbogbo wa kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Ó dà bí ojú irin tí wọ́n ní yóò dé Okókómáíkò: lọ́dún yẹn náà ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, ṣùgbọ́n láti Marina, Máìlì Tú ló ń parí sí. Ojú irin yẹn tiẹ̀ sàn, iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí ẹ̀. Tiwa yìí, awakọ̀ ti gbé owó wa sá lọ.

Ojú tì wá láti sọ fún Màámi. Àmọ́ ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, tó bá rí ìdin, á sá. A jókòó, a kọ ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀ tí kọ́ọ̀sì kankan gbọ́dọ̀ dáhùn kí a tó fún un ní dátà wa. Ẹ jẹ́ ká fún yín náà, ó lè wúlò fún yín.

Èkíní: ta ló ń kọ́ni? Ṣé a lè rí orúkọ ẹni náà tàbí ilé ẹ̀kọ́ náà níbòmíràn yàtọ̀ sí inú ìpolówó tirẹ̀?

Èkejì: kí ni sáfíkéètì náà lè ṣe? Ibí yìí la ti kọ́kọ́ ní làákàyè. Ní Nàìjíríà, orúkọ "chartered accountant" kì í ṣe nǹkan téèyàn ń rà lórí fóònù. Òfin ló dá ICAN sílẹ̀ ní 1965, òfin ló sì fún ANAN náà ní àyè ní 1993. Ìdánwò wọn lèèyàn ń ṣe, ọdún mélòó kan ló ń gbà. ICAN tún ní ìdánwò ti àwọn tí kò tíì lọ sí yunifásítì, tí wọ́n ń pè ní ATSWA, ìpele mẹ́ta ni. Ohun tí kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì lè fún èèyàn ni ìmọ̀, àti ìwé tó sọ pé o jókòó kọ́ ọ. Kò kéré, àmọ́ kì í ṣe ìkan náà.

Ẹ̀kẹta: òfin orílẹ̀-èdè wo ló fi ń kọ́ni? A ò mọ̀ pé èyí ṣe pàtàkì títí a fi bá nǹkan tí wọ́n ń pè ní LIFO pàdé, pé ọjà tó wọlé kẹ́yìn ni kí á kà pé ó kọ́kọ́ jáde. Amẹ́ríkà gbà á láyè. Ìlànà IFRS, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Nàìjíríà ti ń lò láti ọdún 2012, kò gbà á láyè rárá. Bákan náà ni owó orí: tí olùkọ́ láti òkè òkun bá ń ṣàlàyé "sales tax" ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ìwọ rántí pé VAT lọ́dọ̀ tiwa, ìdá méje àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni láti oṣù Kejì ọdún 2020.

Ẹ̀kẹrin: ṣé iṣẹ́ àmúrelé wà níbẹ̀, mélòó sì ni dátà tó máa jẹ? Fídíò lásán máa ń dùn ún wò. Tí wọ́n bá ní kí o fa ìlà, kí o ṣe é fúnra rẹ, ìgbà yẹn lo máa mọ̀ pé kò tíì yé ọ.

Pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́rin yìí, ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì bọ́ dànù. Èyí tí a kọ́kọ́ mú ni ti OpenLearn, tí Open University ní ìlú Ọba gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ ìwé owó kíkọ àti akáùntì. Ọ̀rọ̀ kíkà ló pọ̀ níbẹ̀ ju fídíò lọ, ìyẹn ni pé dátà ò jó bí epo. Nígbà tí a parí ẹ̀, a lọ sí ti Wharton lórí Coursera, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Brian Bushee ti ń kọ́ni, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwòrán sì ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè. Owó ni wọ́n ń san fún sáfíkéètì ibẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún ìrànwọ́. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó fi ránṣẹ́, nítorí ó ṣòro láti sọ fún àjèjì pé o ò lówó láìjẹ́ pé ó dà bí ẹni ń ṣagbe. A dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n gbà.

Fóònù kan ṣoṣo la fi kọ́ gbogbo ẹ̀, èyí tí ojú ẹ̀ ti là. Dátà alẹ́ la ń rà, nítorí ó pọ̀ ju ti ọ̀sán lọ lówó kan náà, torí náà agogo kan òru ni kíláàsì wa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, a ó gbé fóònù lọ bá bàbá onígẹ̀rígẹ̀rí tó ní jẹnẹrétọ̀, kó bá wa fi sí iná. Ẹnì kan á wo ẹ̀kọ́, á wá kọ́ àwọn méjì tó kù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi gbọ́ ọ, Yorùbá ló fi ń sọ ọ́ fún wa, ìgbà tó bá sì di Yorùbá gan-an ló tó máa ń yé wa.

Ẹ wo dẹ́bíìtì àti kírẹ́díìtì. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi da orí wa rú. A rò pé ọ̀kan dára, èkejì burú, nítorí bí báńkì ṣe ń fi ránṣẹ́ sí fóònù nìyẹn: kírẹ́díìtì, inú ẹ á dùn, dẹ́bíìtì, ẹ á dọ̀bálẹ̀. Àbúrò ló já okùn ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Owó kì í já bọ́ látòkè. Ó ti ibì kan wá, ó sì ń lọ síbì kan. Ẹ kọ ibi tó lọ sí apá òsì, ẹ kọ ibi tó ti wá sí apá ọ̀tún. Ó tán." Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní kíkọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1494, ní ìlú Venice, àlùfáà onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Luca Pacioli tẹ ìwé kan jáde tó ṣàlàyé rẹ̀. Kò sọ pé òun lòun dá a sílẹ̀. Ó kàn kọ bí àwọn oníṣòwò ìlú náà ṣe ń ṣe é sílẹ̀ ni. Ó dùn mọ́ wa pé ọlọ́jà ló ni ín kó tó di ti ọ̀jọ̀gbọ́n.

Èkejì tó yé wa ní Yorùbá ni èyí: ohun tí o ní gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú gbèsè tí o jẹ àti ojú owó rẹ. Ojú owó! Ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu Màámi láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa. "Ẹ má jẹ́ kí n fọwọ́ kan ojú owó o." Kò sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì kankan tó ṣàlàyé capital fún wa tó báyẹn.

Lákòókò yẹn náà la gbọ́ nípa Akíntọ́lá Williams. Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni wọ́n jáde láyé, ẹni ọdún 104. Èkó ni wọ́n ti bí wọn. Àwọn ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di chartered accountant, ní 1949, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1952, wọ́n sì wà lára àwọn tó dá ICAN sílẹ̀, àwọn ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n já àwòrán wọn nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibùsùn wa.

Nígbà tí a rò pé ó ti tó, a bẹ Màámi pé kí wọ́n gbà wá láyè fún oṣù kan. Ohunkóhun tó bá wọlé, ohunkóhun tó bá jáde, a ó kọ ọ́. Àní tí ẹnì kan bá mú máàgì kan ṣoṣo. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ máa kọ ọ́ nígbà náà, ẹ̀yin akántáǹtì." A ra ìwé tuntun, a fa ìlà sí àárín, òsì àti ọ̀tún.

Ní ìparí oṣù, a jókòó lé e lórí láti agogo mẹ́jọ alẹ́ títí di ìdájí. Apá méjèèjì kò kọ́kọ́ dọ́gba. A wá a títí, a rí i pé ẹni àárín kọ ₦1,700 sí ₦7,100. Nígbà tó dọ́gba, kò sẹ́ni tó pariwo. A kàn ń wo ara wa.

Ihò mẹ́ta ló wà nínú àpò wa. Àkọ́kọ́, iye tí Màámi ń tà. Ẹ rántí ọdún yẹn: wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún, náírà já wálẹ̀ ní oṣù Kẹfà, gbogbo nǹkan sì fò sókè. Màámi ra àpò ìrẹsì kan ní ₦38,000, wọ́n fi dérìkà tà á tán ní ₦43,000, wọ́n ní àwọn jèrè ₦5,000, wọ́n fi sebẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sọ́jà, àpò kan náà ti di ₦46,000. Èrè wo ló wà níbẹ̀? Ojú owó ni wọ́n ń jẹ, wọ́n ń pè é ní èrè. Ìgbà yẹn ni LIFO tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ wá yé wa. Òfin lè má gbà á nínú ìwé ilé iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n ọlọ́jà tí kò bá ro iye tóun máa fi rà á padà, á tà títí sọ́ọ̀bù á fi ṣófo.

Èkejì, àwìn. A ro gbogbo orúkọ tí kò ní ìlà lórí nínú ìwé ọlọ́gọ́ta ewé. ₦61,400. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ láti 2021.

Ẹ̀kẹta ni ti àwa gan-an. Ìrẹsì tí a ń sè, mílíìkì, ìndómì agogo méjì òru tí a ń jẹ nídìí kọ́ọ̀sì, ọṣẹ, owó kẹ̀kẹ́ dé Ìyànà-Ìbà. Kò sẹ́ni tó ń sanwó ẹ̀, nítorí sọ́ọ̀bù wa ni. Lóṣù yẹn nìkan, ilé wa kó ₦47,850. Èrè sọ́ọ̀bù lóṣù náà, ₦39,200. Ilé wa fi ₦8,650 jẹ kọjá èrè. ₦15,000 ti oníjìbìtì ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ o, ìyẹn ti lọ ṣáájú.

Owó tí a ò rí láti ọwọ́ àbúrò ní gbogbo oṣù náà: ₦200. Ṣéńjì tó ṣì fún ọmọ kékeré kan.

Àwa la jí i. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lórí àwo oúnjẹ, lójú ara wa.

A fi ìwé náà han Màámi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní ká kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní ká tún un kà. Wọ́n bi wá léèrè ₦200 yẹn, ọmọ ta ni, a sọ fún wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá wa kì í ṣe irú ẹni tó máa ń sọ fún ọmọ pé "má bínú", a ò sì retí ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bu oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n pe àbúrò wọlé, wọ́n gbé abọ́ lé e lọ́wọ́ fúnra wọn, wọ́n jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ẹran méjì ló wà nínú abọ́ ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló wà nínú tiwa.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni kọ́ọ̀sì mọ̀. A to orúkọ àwọn onígbèsè, a fẹ́ lọ máa gbà á lọ́wọ́ wọn láti ojúlé dé ojúlé. Màámi mú báírò, wọ́n fa ìlà lé orúkọ obìnrin opó kan lórí, ₦9,300. A ní, "Màámi, kò tíì san o." Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Nígbà tí ẹ̀yin ń ṣàìsàn, ta ló gbé yín lọ sí ọsibítù lóru?" Ìwé wa ò ní ibi tí a lè kọ ìyẹn sí. A kọ ọ́ sí gbèsè tí a ti fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ̀ pé àwa gan-an la ń san gbèsè.

Ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ dùn parí. Nínú ₦61,400, kò tó ìdajì tí a rí gbà, ẹnì kan sì ti kó lọ sí Ṣíbírí kó má baà san. Oníbàárà méjì bá Màámi jà nítorí pé dérìkà gbówó lórí, wọn ò padà wá. Ẹni àárín ò parí kọ́ọ̀sì Wharton, ọ̀sẹ̀ kẹta ló já sí, ó ní ìwé ìṣàn owó ti sú òun. Àpò ìrẹsì ti padà di mẹ́ta. Kò tíì di mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n ń múra ATSWA sílẹ̀, ó ń tọ́jú owó ìforúkọsílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àbúrò ń bá sọ́ọ̀bù mẹ́ta ní òpópónà wa kọ ìwé owó wọn ní alaalẹ́ ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń fún un ní nǹkan díẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ pè lólè ni wọ́n ń fi dúrọ́ọ̀ wọn lé lọ́wọ́.

Nítorí náà, tí o bá ń wá kọ́ọ̀sì akáùntì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lo ìbéèrè mẹ́rin wa. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Wá ẹnì kan tí wàá máa túmọ̀ rẹ̀ fún. Má sì wá àpẹẹrẹ jìnnà: ìwé kan wà nílé yín náà, tàbí dúrọ́ọ̀ kan, tàbí ìbéèrè kan tí ẹnì kan ń bẹ̀rù láti béèrè.

Ìwé ọlọ́gọ́ta ewé ti kún, Màámi ti ra òmíràn. Wọ́n ṣì ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, aláṣọ pupa, onírùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n orúkọ tuntun kan wà nínú ẹ̀ báyìí, òun ló pọ̀ jù ní gbogbo ojú ewé, ọwọ́ Màámi fúnra wọn ni wọ́n fi ń kọ ọ́ lálaalẹ́ kí wọ́n tó dáná: "Ilé wa, ìrẹsì dérìkà méjì." Tí oṣù bá parí, wọ́n á ka owó sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á wá fa ìlà lé e lórí.